Ṣé ó yẹ kí súpáfáísọ̀ àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì bá àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó ní kíláàsì ìdarí?

Ìyá Dáre Ìjọ̀fì (Iléṣà), 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá mi dá sí i.

Bí ẹ bá tẹ 112 lórí fóònù yín, tí ẹnì kan gbé e tó ní "Níbo lẹ wà?", irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe olórí fún. Mẹ́jọ ni wọ́n lábẹ́ mi bí mo bá wọ iṣẹ́ alẹ́. Mi ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìsinmi ni mo wá lò nílé. Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá. Mi ò búra, mi ò wọ yúnífọ́ọ̀mù, kò sí ìràwọ̀ kankan léjìká mi. Àmọ́ kí ọlọ́pàá kankan tó gbọ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, etí tiwa ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wá dé fún àwọn ọlọ́pàá tó ń darí èèyàn. Wọ́n á kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe ìpinnu nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di bó ò lọ o yà fún mi, bí a ṣe ń bá ọmọ iṣẹ́ tó ṣàṣìṣe wí láì pa ọkàn rẹ̀, bí a ṣe ń jókòó tú iṣẹ́ wò lẹ́yìn tó bá parí. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n fi àwa súpáfáísọ̀ mẹ́ta kún un. Èsì tó padà wá kò ju ìlà kan lọ: àwọn tó wọṣọ nìkan ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi kọ̀wé. Lóru ọjọ́ kan, obìnrin kan pè wá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, olè ti wọ ilé tó tẹ̀ lé tiwọn. Ọmọ tó gba ìpè náà ṣe gbogbo ohun tó yẹ, ó pe tẹ́ṣàn. Wọ́n ní "À ń bọ̀." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, obìnrin náà tún pè. A tún pe tẹ́ṣàn. "À ń bọ̀." Lẹ́ẹ̀kẹta, èmi fúnra mi gba fóònù. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ ti kúrò níbẹ̀ àbí kò tíì kúrò? Ẹni tó wà ní kántà dá mi lóhùn pé, "Ta ni ìwọ tó ń bi mí?"

Epo ni kò sí nínú ọkọ̀ wọn. Ká ní wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ pè, tẹ́ṣàn kejì kò jìnnà, ibẹ̀ là bá pè. Obìnrin yẹn kò kú, ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n "ta ni ìwọ" yẹn kò kúrò létí mi títí dòní.

Ó tọ́ kí wọ́n yọ wá sílẹ̀, àbí kò tọ́?

Èwe Àńgólà (Ilé-Ifẹ̀), 8:52 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ọ̀rọ̀ àwọn "dísípáàṣì" ni ẹ ń sọ. Mo wá sáré wọlé, mo rò pé àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé ráìsì kiri ni ọlọ́pàá fẹ́ fi jẹ ọ̀gá 😂

Ìyá Dáre Ìjọ̀fì, 8:55 alẹ́

Ọmọ yìí, Ọlọ́run á dá ẹ lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní agbàpè, kó má baà dàrú mọ́ àwọn olóúnjẹ.

Bàbá Ìṣọ̀kùn (Iléṣà), 9:10 alẹ́

Ìyá Dáre, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún 35 gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Láyé tiwa, ọlọ́pàá ló ń jókòó sídìí wáyálẹ́ẹ̀sì. Bó bá sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá ló ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, kálukú mọ ipò ẹnì kejì rẹ̀. Kọ́ńsítébù kì í pàṣẹ fún sájẹ́ńtì. Àṣẹ ń ti òkè wá ni, òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Ẹ̀yin wá jẹ́ aráàlú. Bí ẹ bá ní kí ọmọ mi wọ ilé kan, tí wọ́n sì yìnbọn pa á níbẹ̀, ta ni a ó gbé lọ sí ọ́dálì rúùmù, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ ọlọ́pàá tó bá ṣẹ̀? Ẹ̀yin ni? Wọn kò lè gbé yín lọ. Ẹni tí a kò lè bá wí lórí iṣẹ́ kan, a kì í fún un ní àṣẹ iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ìgbéraga, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

Àwọn àgbà sì ti wí pé iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́. Iṣẹ́ ìhìn ni wọ́n rán yín. Ẹ jẹ́ ìhìn náà bó ṣe rí, ẹ fi ìdarí sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ọmọ Mọ́òrè (Ilé-Ifẹ̀), 9:18 alẹ́

Èmi ò bá Bàbá jà, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà kò sí ní kíláàsì rárá. Epo! Ìyá Dáre fúnra yín lẹ sọ pé epo ni kò sí. Ẹ lọ jókòó ní kíláàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ẹ gba sátífíkéètì, ẹ fi há ògiri. Ṣé sátífíkéètì ń wa ọkọ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi (Ilé-Ifẹ̀), 9:31 alẹ́

@Ọmọ Mọ́òrè, ẹ tún ohun tí wọ́n kọ kà. Àìsí epo kọ́ ló dun Ìyá Dáre jù. Irọ́ ni. "À ń bọ̀" nígbà tí wọn kò bọ̀. Bí ọkọ̀ kò bá sí, a lè wá ọkọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ti purọ́ pé ó wà, ta ló tún ń wá a?

Yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ là ń rí i. Wọ́n á gbé ẹni tí mọ́tò gbá wá lójijì láti ọ̀nà Iléṣà, ẹnikẹ́ni kò ta wá lólobó, ẹ̀jẹ̀ kò sí nílẹ̀, dókítà oníṣẹ́ abẹ wà níbòmíràn. Ká ní ẹnì kan pè ṣáájú pẹ́ẹ́ pé èèyàn mẹ́rin ń bọ̀, ọ̀kan nínú wọn kò mí dáadáa, nǹkan ọ̀tọ̀ là bá bá a ṣe.

Ohun tó sì tún wà níbẹ̀ nìyí. Àwọn ọmọ tó ń gba ìpè, wọ́n ń gbọ́ ikú. Àwa ní ọsibítù, a máa ń rí aláìsàn, a fọwọ́ kàn án, bó bá kú a mọ̀ pé a gbìyànjú. Tiwọn, fóònù kàn máa já ni, wọn kò ní mọ bó ṣe parí. Ta ló ń kọ́ súpáfáísọ̀ ní ohun tó máa sọ fún ọmọ ọdún 23 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, tí ìpè mìíràn sì ti ń dún?

Ìyá Dáre Ìjọ̀fì, 9:37 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, omi bọ́ lójú mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ bomi bojú, kí wọ́n padà wá jókòó.

Alága Gáréjì (Iléṣà), 9:40 alẹ́

Èmi ò tẹ 112 rí láyé mi. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ mi lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, nọ́ńbà ẹni tí mo mọ̀ ni mò ń pè. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe é. Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń gbé e?

Ìyá Dáre Ìjọ̀fì, 9:48 alẹ́

Wọ́n ń gbé e, sà. Kò gba owó, kódà bí káàdì kò bá sí lórí fóònù yín. Ohun tó ń jẹ wá níyà jù ni ìpè eré. Àwọn ọmọdé á pè, wọ́n á bú wa, wọ́n á pa fóònù. Àwọn àgbà kan náà ń pè láti fi dán fóònù tuntun wò.

Èkejì ni àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹ ó gbọ́ pé "Níbo?" la kọ́kọ́ ń bi yín, a kì í kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí ni pé bí fóònù bá já lẹ́yìn "níbo", a ṣì lè rán èèyàn lọ. Bó bá já lẹ́yìn "olè ni o!", kò sí ohun tí a lè ṣe. Ẹnì kan á wá ní "Sábó ni mo wà." Sábó wo? Ó wà ní Ifẹ̀, ó wà ní Òṣogbo, ó wà n'Ìbàdàn. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá alákàrà." Ẹ sọ fún mi!

Adé Houston (Amẹ́ríkà, ọmọ Ilé-Ifẹ̀), 10:05 alẹ́

Ẹ kú ilé o. Aya mi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbí, mo sì lè sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Níbí, ọ̀pọ̀ ibi ni àwọn agbàpè kì í ti í ṣe ọlọ́pàá. Aráàlú ni wọ́n, súpáfáísọ̀ wọn náà aráàlú ni. Àríyànjiyàn tí Ìyá Dáre gbé wá yìí, wọ́n ń jà á níbí náà. Àní, nínú ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń pín iṣẹ́ sí ìsọ̀rí, àárín àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ni wọ́n to àwọn agbàpè sí, wọn kò tò wọ́n mọ́ ọlọ́pàá àti panápaná. Àwọn aṣòfin kan ti gbé àbá òfin dìde láti yí i padà.

Ní ti kíláàsì, ó pín sọ́nà méjì. FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ níbí, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Quantico tó bẹ̀rẹ̀ ní 1935, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ń lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Orúkọ ńlá ni, wọ́n tiẹ̀ máa ń sáré máìlì 6 ó lé díẹ̀ nínú igbó, wọ́n á gun ògiri, wọ́n á fi okùn fa ara wọn gòkè. (Bí wọ́n bá ní kí aya mi wá sá a, èmi ni màá kọ̀wé fipò sílẹ̀ fún un.) Ẹgbẹ́ mìíràn wà tó ń jẹ́ FBI-LEEDA. FBI kọ́ ló ni ín o, ẹgbẹ́ aládàáni ni. Òun ń gba ọlọ́pàá, ó sì ń gba òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọlọ́pàá sí kíláàsì kan náà. Ayé kò tíì bàjẹ́ nítorí rẹ̀.

Bàbá Ìṣọ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo èyí. Ní Uvalde, ìlú kékeré kan ní Texas níbí, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2022. Ọlọ́pàá dé. Wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú 77 kí wọ́n tó wọlé bá a. Láàárín àkókò yẹn, ọmọdé kan ń fi fóònù pe 911 (112 tiwa níbí nìyẹn) láti inú kíláàsì yẹn gan-an pé kí wọ́n wá gba àwọn. Àwọn agbàpè gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ sórí rédíò. Ọ̀gá ọlọ́pàá ilé ẹ̀kọ́ náà, tí àwọn tó ṣèwádìí ní òun ló yẹ kó máa darí, kò mú rédíò kankan dání. Ọmọ 19 àti olùkọ́ 2 ló kú. Ìhìn wà, ẹni tó ní ìhìn wà, ẹni tó ní àṣẹ wà, àwọn méjèèjì kò pàdé.

Bàbá Ìṣọ̀kùn, 10:21 alẹ́

Adé ọmọ mi, ó ṣeun. Ọ̀ràn burúkú nìyẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ọ̀gá tó fi rédíò sílẹ̀ ni o sọ yẹn. Kò fi hàn pé ó yẹ kí agbàpè wá kọ́ ìdarí. Ṣé àwọn agbàpè tiyín kì í ṣàṣìṣe ni?

Adé Houston, 10:33 alẹ́

Wọ́n ń ṣe é, sà, n kò ní tan yín. Ní Cleveland, ní oṣù kọkànlá 2014, ẹnì kan pe 911 pé òun rí ẹnìkan tó ń na ìbọn ní pápá ìṣeré. Ẹni náà sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìbọn náà má jẹ́ ojúlówó, ó sì tún sọ pé ó jọ pé ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò dé etí àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n rán lọ. "Ọkùnrin kan ní ìbọn" ni wọ́n gbọ́. Bí ọkọ̀ ṣe dúró báyìí ni wọ́n yìnbọn. Ọmọ ọdún 12 ni, Tamir Rice lorúkọ rẹ̀, ìbọn ìṣeré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dá ẹni tó gba ìpè náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Bàbá Ìṣọ̀kùn, 10:40 alẹ́

Ẹ rí i? Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń gba ìpè ló yẹ kí wọ́n lọ kọ́. Kí ni ti ìdarí níbẹ̀?

Ìyá Dáre Ìjọ̀fì, 10:58 alẹ́

Bàbá, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dé.

Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń gba ìpè, a ní in. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ la ti ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ súpáfáísọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀kọ́ yẹn parí sí. Ọmọ iṣẹ́ mi gbọ́ "ó jọ pé ọmọdé ni", kò kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí mo gbọ́ ọ, ṣé mo láṣẹ láti já wọ orí rédíò kí n ní "ẹ dúró, ẹ rọra"? Ọlọ́pàá tó wà nínú ọkọ̀, ṣé ó mọ̀ pé bí òun bá gbọ́ ohùn mi, kì í ṣe arábìnrin kan ló kàn ń yọjú sí iṣẹ́ òun? Tí gbogbo rẹ̀ bá sì ti bàjẹ́ tán, tí ẹ̀yin ọlọ́pàá bá ń jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé àga mi wà níbẹ̀? Kò sí. Lẹ́tà la máa ń rí gbà pé kí a dá ẹnì kan dúró.

N kò ní kí ẹ jẹ́ kí n pàṣẹ fún ọmọ yín, Bàbá. Mi ò fẹ́ ìràwọ̀. Bí èmi àti DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn, bá ti jọ jókòó ní kíláàsì kan fún ọjọ́ méjì, tí a jọ jẹ búrẹ́dì àti ẹyin ní ọ̀sán, kò ní bi mí lóru pé ta ni ìwọ. Òótọ́ ló máa sọ fún mi: "Ìyá Dáre, epo ò sí, ẹ pe ibòmíràn." Gbogbo ohun tí mò ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Olùkọ́ Ẹnuwá (Ilé-Ifẹ̀), 11:06 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, nítorí a ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí ní Nàìjíríà kí ọlọ́pàá àti aráàlú jọ kẹ́kọ̀ọ́ ìdarí. Kúrú ń kọ́? Ilé ẹ̀kọ́ NIPSS tó wà ní Kúrú, nítòsí Jos, láti 1979 ló ti wà. Ọ̀gá sójà, ọ̀gá ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníròyìn, gbogbo wọn ń jókòó sí kíláàsì kan náà, wọ́n á jọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n á jọ jáde. Ọ̀gá àgbà tó bá ti Kúrú bọ̀ kì í sọ pé sìfílíàn tó jókòó ti òun gba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Ó ṣe wá jẹ́ pé ní òkè ni aráàlú ti lè wọlé, àmọ́ ní ìsàlẹ̀, níbi tí fóònù ti ń dún lóru, èèwọ̀ ni?

Ọmọ Mọ́òrè, 11:12 alẹ́

Olùkọ́ ti lù ú lójú ọgbẹ́ 👏. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ epo mi o.

Ẹ tún rántí Àmọ̀tẹ́kùn. Láti 2020 tí wọ́n ti dé, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà oko, àwọn ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ́kọ́ sá tọ̀. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé láti ọ̀nà kan, Àmọ̀tẹ́kùn dé láti ọ̀nà kejì, ọdẹ gba inú igbó yọ, òkùnkùn bolẹ̀, gbogbo wọn mú ìbọn dání. Ta ló mọ ibi tí kálukú wà? Bí kò bá ṣe ẹni tó jókòó sídìí fóònù, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n. Ó ń bà mí lẹ́rù bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Èwe Àńgólà, 11:15 alẹ́

Mo ti dákẹ́, mo kàn ń kà á. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nídìí fóònù tó báyìí.

Bàbá Ìṣọ̀kùn, 11:34 alẹ́

Mo jókòó síta láti ìgbà tí Ọmọ Mọ́òrè ti kọ̀wé, mò ń ronú. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan tí n kì í sábà sọ.

Nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, láàárín 1997 sí 2000, GSM kò tíì wọ ilẹ̀ yìí, 2001 ló dé. Wáyálẹ́ẹ̀sì la gbẹ́kẹ̀ lé. Ọmọkùnrin kan wà nídìí rẹ̀ nígbà náà, kọ́ńsítébù lásán ni. Lóru ọjọ́ kan ó ń pè wá pé kí a má gba ọ̀nà tí a fẹ́ gbà, àwọn kan ti dínà níwájú. Ọ̀gá tó wà nínú ọkọ̀ wa ní, "Ta ní ń pàṣẹ fún mi?" Ó pa rédíò. A gba ibẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, gíláàsì ọkọ̀ ló fọ́, apá mi òsì kò sì nà tán mọ́ láti ìgbà náà.

Ọlọ́pàá ni ọmọ yẹn o, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù bíi tiwa. Wọ́n ṣì bi í pé ta ni. Nítorí náà mi ò mọ̀ bóyá aṣọ gan-an ni ìṣòro náà.

Ọ̀rọ̀ ọ́dálì rúùmù tí mo sọ, mi ò yí i padà. Àṣẹ kí èèyàn wọ ibi ìbọn, ti ọ̀gá ọlọ́pàá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ pé "ẹ má gba ibẹ̀" kò pàṣẹ, ojú ló ń bá wa rí. Ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yẹn, mi ò sì rí bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n bí wọn kò bá kọ́ yín pa pọ̀.

Ìyá Dáre, ẹ̀yin ni ẹ kọ lẹ́tà yín bó ṣe wù yín. Àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ràn irú ẹ̀. Ẹ má bèèrè gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Ẹ bèèrè ọjọ́ méjì péré: ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe ìpinnu, àti ọjọ́ tí wọ́n ń tú iṣẹ́ wò. Ẹ ní àwọn agbàpè yóò gba ọ̀gá ọlọ́pàá mẹ́ta lálejò lóru ọjọ́ kan, kí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ sí etí wọn. Ẹ fi èyí síwájú, kó lè dà bíi pé àwọn lẹ ń ṣe lóore.

Ìyá Dáre Ìjọ̀fì, 11:41 alẹ́

Bàbá! Ọgbọ́n òṣómàáló nìyí! Ẹ̀yin ẹ ta ọjà náà fún wọn, kí wọ́n rò pé àwọn ló jèrè. Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́ ti apá.

Bàbá Ìṣọ̀kùn, 11:44 alẹ́

Ẹ gbé e wá ní Sátidé, kí n bá yín wò ó kó tó lọ. Ẹ bèèrè ilé bàbá ọlọ́pàá, ọmọdé kankan á mú yín wá. Àdírẹ́ẹ̀sì ìyá alákàrà ni tèmi náà.

Alága Gáréjì, 11:52 alẹ́

Mo ní kí n dán ohun tí ẹ ń sọ wò. Mo tẹ 112. Òótọ́ ni, ọmọbìnrin kan gbé e kíá, ó ní "Níbo lẹ wà?" Ẹ̀rù bà mí, mo pa fóònù.

Ìyá Dáre Ìjọ̀fì, 11:53 alẹ́

Alága, ìyẹn gan-an là ń pè ní ìpè eré!!!